Àga Kẹrìnlá ní Kíláàsì Físíìsì

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú-ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà mí dé ìparí kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tí ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi. Ìyàwó mi tí a jọ ń gbé kò mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ mi kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kò mọ̀, wọ́n ń kí mi láàárọ̀, wọ́n ń kí mi nírọ̀lẹ́, wọ́n ń pè mí ní bàbá rere.

Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni bébà kan tó wà lórí tábìlì mi. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i, kí n sì fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan lọ sí ibì kan tí ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà mí. Bí mo bá kọ ọ́, yóò jẹ́ ìgbà kejì tí n óò fi ọwọ́ mi yìí ti aláìṣẹ̀ jáde nílé. N kò fẹ́ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn yóò bi mí pé kí ló dé, ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ń wúwo.

Tísà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. N kò ní dárúkọ ara mi. Jọ́gíráfì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, ní ilé-ìwé gíga kan ní apá Òmù-Àrán níbí. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà tí mò ń sọ yìí. Gbogbo ilé ló ń fẹ́ kí ọmọ àwọn di nǹkan, dókítà ni wọ́n sì ń fẹ́ jù. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Dókítà kan ṣoṣo ló ń wá sọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀, àìsàn kì í sì í dúró de ọjọ́ tí yóò wá.

Yàtọ̀ sí Jọ́gíráfì, ọ̀gá ilé-ìwé wa fi iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń gba àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹta nímọ̀ràn lórí iṣẹ́ tí wọn yóò mú lọ sí Fọ́ọ̀mù Kẹrin. Bí wọ́n bá sì dé Fọ́ọ̀mù Karùn-ún, èmi náà ni mo máa ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì.

Àwọn ọmọ méjì tí mo kọ́kọ́ kọ fọ́ọ̀mù fún wọlé, ọ̀kan lọ kọ́ òfin, èkejì lọ kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Ni wọ́n bá ní ọwọ́ mi tutù. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ti máa ń rìn ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Láti Ẹ̀sìẹ́, láti Ìjàrà, àwọn bàbá ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ọmọ wọn nínú àpò. Ọmọ náà lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn á ní kí Tísà bá àwọn kọ orúkọ rẹ̀ sókè, kí ọwọ́ tútù kọ́kọ́ kàn án. Mùsùlùmí á ní kí n ṣe bisimilláì, onígbàgbọ́ á gbàdúrà sí bírò kó tó gbé e fún mi. Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó wọ̀ mí lórí bí ẹmu àárọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí.

Ará Índíà ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní físíìsì. Ọkùnrin náà kò gbọ́ àwáwí. Ó ní irinṣẹ́ òun kò ju ti ọmọ mẹ́rìnlá lọ, tábìlì méje, ọmọ méjì-méjì. Ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún kò gbọdọ̀ wọlé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi máàkì ìṣirò tò wọ́n, a ó sì lẹ orúkọ wọn mọ́ ara ògiri.

Lọ́dún náà, ọmọbìnrin kan ló ṣe ipò kẹta. Wúrà ni wọ́n ń pè é. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, ọdún tí a gba òmìnira ni wọ́n bí i. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ìwé rẹ̀ sì máa ń mọ́ tónítóní. Dókítà ni ó ní òun fẹ́ ṣe. Ẹni tó ṣe ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni Káyọ̀dé. Àbúrò mi ni Káyọ̀dé, ọmọ ìyá mi.

Ìyá wa ti kú nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ tí àìsàn dé sí i lára, dókítà tó ń wá lọ́sẹ̀ kò wá. Kó tó kú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Jẹ́ kí Káyọ̀dé ṣe dókítà." Mo ní yóò ṣe é. Òkú ìyá ẹni kì í tú ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, n kò sọ èyí kí ẹ lè yọ́nú sí mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń wò nígbà tí mo dúró níwájú ògiri yẹn, tí mo ń ka orúkọ mẹ́rìnlá, tí ti àbúrò mi kò sí níbẹ̀.

Àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo fi òwe yẹn tan ara mi jẹ. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rìnlá bá fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò ṣe físíìsì mọ́, àga kan yóò ṣí. Mo wo orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ olóyè wà níbẹ̀, ọmọ pásítọ̀ wà níbẹ̀, ọmọ oníṣòwò Àjàṣẹ́ wà níbẹ̀. Bàbá wọn mọ̀wé, wọn yóò bi mí léèrè. Bàbá Wúrà kò mọ̀wé.

Mo lọ sí ilé wọn nírọ̀lẹ́, nígbà tí bàbá náà ti oko dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Màmá Asàbí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ló bá padà sílé baba rẹ̀. Wúrà ni ó fi ṣe ọmọ. Òun ló ń di irun rẹ̀, Wúrà ló sì ń pọn omi tí ó ń wẹ̀.

Mo ní, "Bàbá Wúrà, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mo bá wá o."

"Ẹ máa wí, Tísà. Kò sí tí kò dáa?"

"Kò sí. Orí ọmọ yín pé. Ẹ̀rọ̀ kí ó lè ṣe dókítà ni mò ń wá. Físíìsì tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí yìí, ti àwọn tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà ni. Ti obìnrin tó fẹ́ ṣe dókítà, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti iṣẹ́ ọ̀gbìn ni wọ́n ń bèèrè. Ẹ jẹ́ kó fi físíìsì sílẹ̀, kó má baà di ẹrù tó pọ̀ jù lé orí ara rẹ̀."

Bàbá náà mi orí. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, àgbẹ̀ ni. Ó ní, "Tísà, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Àwa kàn ń tẹ̀lé yín ni."

Màmá Asàbí gbójú sókè láti ìdí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ púpọ̀. Ó ní, "Wúrà, bí hán bá sọ ọ́ di dókítà tán, tó o bá lọ, ta ni yóò máa pọn omi fún mi?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wúrà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọmọ náà nìkan ló ṣiyèméjì. Ó ní, "Sà, tísà físíìsì sọ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe dókítà..."

Mo dá a lóhùn pé, "Ta ló mọ̀ ọ́n jù, èmi àbí ìwọ?"

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà." Mo mú ìwé tí mo ti kọ pé Wúrà kò ṣe físíìsì mọ́ jáde. Mo ṣí páàdì yíǹkì mi. Bàbá rẹ̀ tẹ ìka. Ní ọjọ́ Ajé, Káyọ̀dé jókòó sórí àga kẹrìnlá.

Mo ń retí pé ẹnì kan yóò tú àṣírí mi. Kò sí ẹni tó bèèrè. Ará Índíà náà parí àsìkò rẹ̀, ó padà sílùú rẹ̀. Ọdún méjì kọjá. Wúrà jókòó ṣe ìdánwò, ó sì yege ju gbogbo wọn lọ. Wọ́n fi ọjọ́ Ìsinmi kan dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí rẹ̀. Mo jó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́ọ̀mù yunifásítì dé, pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan tó ń sọ ohun tí wọ́n ń bèèrè fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ibi tí mo lè fi ìwé yẹn pamọ́ sí. Wúrà ti ka ẹ̀dà tirẹ̀ kó tó wá bá mi. Ó ṣí i sílẹ̀ níwájú mi, ó fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Físíìsì.

Kò bínú sí mi. Ìyẹn ló ń pa mí títí dòní. Ó ń wo ojú mi bí ẹni tó gbà pé mo ní ìdáhùn. Mo ní, "Háà! Ọdún yìí ni wọ́n yí i padà. Òfin tuntun ni." Ó gba irọ́ náà, ó mú bàtà lọ́wọ́, ó ń sunkún lọ sílé.

Ẹ lè ní ṣebí ó lè lọ kọ́ físíìsì níbòmíràn, kó tún fọ́ọ̀mù kọ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń fi ìyẹn tu ara mi nínú. Ṣùgbọ́n irọ́ mi ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ẹbí rẹ̀ kò lè gbà pé yunifásítì kàn ṣàdédé yí òfin padà ní ọdún tí ó kan ọmọ àwọn. Wọ́n ní òfin kì í dá yí. Wọ́n ní ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Wọn kò kàn wo ìhà ibi tí ọwọ́ náà jókòó sí.

Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí nítorí pé èmi ni tísà, wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò bá wọn kọ ìwé. Àgbà ilé kan dìde, ó ní, "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ta ló sọ pé bí Wúrà bá lọ, ta ni yóò pọn omi fún òun?"

Gbogbo ojú yí sí Màmá Asàbí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe. Tísà wà níbẹ̀. Tísà, ṣé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ ni?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré ni ó bèèrè lọ́wọ́ mi. Mo ní, "N kò rántí dáadáa."

Bí mo ṣe wí nìyẹn.

Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí ti fohùn ṣọ̀kan, kí Màmá Asàbí lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará ìyá rẹ̀ ní Omupo, kó má sì fẹsẹ̀ kan ilé yẹn mọ́. Mo kọ ọ́. Ìwé kíkọ mi dára, kò sí ibì kan tí mo ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Ó tẹ ìka sí i láti inú páàdì yíǹkì tí àbúrò rẹ̀ fi tẹ ìka sí tèmi lọ́jọ́sí. Kó tó dìde, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ etí ìró, ó wò mí, ó ní, "Àwọn tó mọ̀wé ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi ò mọ̀wé."

N kò mọ̀ títí dòní bóyá ó fura sí mi. Bóyá ohun tó sọ náà ni ó ní lọ́kàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ aládùúrà dìde fún Wúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣáájú wọn kígbe pé, "Ọwọ́ tó dí ọ̀nà ọmọ yìí, Olúwa, kí ọwọ́ náà má rí ìsinmi!" Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Mo rò pé bí mo bá dákẹ́, wọn yóò rí mi. Mo pariwo àmín tèmi débi pé ẹni tó wà níwájú mi bojú wẹ̀yìn.

Wòlíì kan sì sọ fún bàbá Wúrà pé bí ọmọ náà bá tún tọ ọ̀nà dókítà, ikú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń kọ́ títí dòní yìí.

Ẹ óò bi mí nípa Káyọ̀dé. Káyọ̀dé wọ yunifásítì. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ní ọdún kejì, wọ́n kó wọn wọ yàrá tí wọ́n ti ń la òkú, ó sá jáde, kò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yà ọkọ̀ ló ń tà ní Jos. Ó wá ṣe Kérésì nílé lọ́dún tó kọjá, a jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló fà á tí Wúrà ò ṣe dókítà? Ṣé ẹ mọ̀ pé òun ló ń kọ́ mi ní ìṣirò nígbà yẹn?" Mo ní n kò mọ̀. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ewúrẹ́.

Mo rí Màmá Asàbí lẹ́ẹ̀kan péré lẹ́yìn tó lọ. Mò ń lọ sí Ìlọrin, ọkọ̀ wa dúró ní Omupo kí ẹnì kan lè sọ̀ kalẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ibi omi, garawa wà lórí rẹ̀, ó ń rìn díẹ̀, ó ń dúró díẹ̀. Omi ń dà sí i léjìká. Mo tẹrí ba bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, mo wẹ̀yìn. Ó ti sọ garawa náà kalẹ̀, ó ń mí.

Ó lo ọdún méje ní Omupo kó tó kú. Wọn kò gbé òkú rẹ̀ wá sílé. Ní oṣù tó tẹ̀lé e ni Wúrà bí ọmọbìnrin. Àwọn àgbà ní Yétúndé ni orúkọ rẹ̀, ìyá àgbà ló padà wá. Wúrà, tó ṣì wà lórí ẹní ìkúnlẹ̀, figbe ta. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ pe orúkọ yẹn sí ọmọ òun. Ìbùkún ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹ wò ó, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àwa tí a máa ń pa òwe yẹn, a máa ń rò pé ti ẹlòmíràn ni.

Ìbùkún ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí. Ó ti dé kíláàsì tí wọ́n ti ń yan sáyẹ́ǹsì tàbí áàtì. Dókítà ni òun náà fẹ́ ṣe. Ó jọ Màmá Asàbí níwájú orí, kò sí irọ́ níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Ó máa ń ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń pọn omi fún arúgbó kí wọ́n tó rán an. Ìyá rẹ̀ kì í fẹ́ rí ìyẹn. Mo ti rí i tí ó ń wo ọmọ rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò fẹ́ kó wọlé.

Ní táàmù tó kọjá, ibà dá ọmọ náà dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fìdí rẹmi nínú físíìsì. Físíìsì nìkan. Wúrà gbé ìwé èsì náà wá bá mi, ó kúnlẹ̀ sí iwájú àga mi, ó ní, "Bàbá, ó ti dé. Ibi tí Màmá ti dí ọ̀nà mi náà ló tún dúró sí. Ó tún ti padà wá tòun ti físíìsì yìí."

Mo ní, "Ibà ni, Wúrà."

Ó ní, "Ibà wo ló mọ orúkọ físíìsì?"

Ilé àdúrà kan wà lẹ́yìn ìlú, ní ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Wọ́n máa ń gba àwọn ọmọ tí wọ́n bá ní ẹ̀mí òkú ń bẹ lára wọn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ààwẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú ẹgba. Mo mọ ọmọ kan tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ lọ́dún kẹta sí ìsinsìnyí. Ó padà wálé. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n ti dájọ́. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Ṣùgbọ́n ilé àdúrà náà kì í gba ọmọ láìsí ìwé. Wọ́n ń fẹ́ kí àgbà kan tó mọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹbí fọwọ́ sí i, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi wọ́n. Wúrà ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ ti ìjọ́sí, bàbá. Ọwọ́ yín tutù. Ẹ bá wa kọ èyí náà, kó lè tán níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ló fi fọ́ọ̀mù tí Ìbùkún yóò fi yan iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi. Ó ní bí wọ́n bá ti lé e jáde lára rẹ̀ tán, kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí wọ́n kọ sáyẹ́ǹsì sí.

Ọwọ́ tútù. Ẹ jọ̀ọ́, kí n sọ ti ọwọ́ náà fún yín. Láti ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n. Ó ń gbọ̀n bí mo bá mú ife, ó ń gbọ̀n bí mo bá gbé e lé itan. Dókítà ní Ìlọrin ní àìsàn iṣan ni, ó wọ́pọ̀ fún àgbà. Mo gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo rántí àdúrà tí mo ṣe àmín sí. Ọwọ́ náà kò tíì rí ìsinmi. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ìwé tí ẹ ń kà yìí.

Ìbùkún fúnra rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó ní, "Bàbá Tísà, ẹ̀yin lẹ mọ Màmá Asàbí. Ṣé lóòótọ́ ni pé èmi ni?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti kó jọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún ló wá sí mi létè. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Lọ bu omi wá fún mi, ọmọ mi."

Ó lọ. Ó bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n, omi náà dà sí i láṣọ. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá," ó sì bá mi di ife náà mú kí n lè mu ún. Ẹ̀rù bà mí ju bí ẹ̀rù ti í ba ènìyàn lọ. Kì í ṣe òkú ni mò ń bẹ̀rù. Ara mi ni.

Ohun tí mo fẹ́ fi parí ìwé yìí ni pé kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ti kọ ọ́ síbí tẹ́lẹ̀ pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá a nílé? Ṣé kí n sọ fún pásítọ̀ kó bá mi sọ ọ́? Mo tún un kà láàárọ̀ yìí, mo sì rí ara mi. Èsì òǹkàwé kì í jáde lójú-ewé yìí kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkórè wa ku ọjọ́ mọ́kànlá. Kí èsì yín tó dé, ọmọ náà yóò ti wà níbẹ̀. Mo mọ ìyẹn nígbà tí mò ń bèèrè. Ibì kan tí n óò tún sá pamọ́ sí ni mò ń wá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin bá mi ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má fèsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde.

Wúrà, mo mọ̀ pé o máa ń ra ìwé ìròyìn yìí ní gbogbo ọ̀sẹ̀, o sì máa ń ka ojú-ewé yìí sókè fún àwọn tí ẹ jọ ń kọ́ni. Má kà á sókè lónìí. Jókòó. Èmi Tísà Ajíbóyè ni. Yunifásítì kò yí òfin kankan padà. Màmá kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀fẹ̀ ló ṣe, mo sì rántí rẹ̀ dáadáa. Àga tìrẹ ni Káyọ̀dé jókòó lé.

Bóyá n óò ti wá bá ọ kí èyí tó jáde. Mo ti wọ bàtà lẹ́ẹ̀mejì lónìí, mo tún bọ́ ọ. Bí o bá ń kà á, tí n kò tíì wá, a jẹ́ pé bí mo ti rí nìyẹn. Wá bá mi, kí o sì ṣe mí bó bá ti wù ọ́. N kò ní bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, kò tíì kàn mí láti bèèrè ìyẹn.

Bébà wọn ṣì wà lórí tábìlì, n kò kọ nǹkan kan sí i. Fọ́ọ̀mù Ìbùkún ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jẹ́ kó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Má jẹ́ kí ọwọ́ mi kàn án.